Lọ́wọ́ Ta Ni Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yóò Kù Sí? Iṣẹ́ Àgbàṣe fún Iléeṣẹ́ Ìṣúná Ìjọba ní Àríwá Ítálì

Kò sí ìjọba tó lè gba owó orí láìní irinṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wọn ilẹ̀ kó tó mọ iye tí onílẹ̀ yóò san. Ó gbọ́dọ̀ tẹ sítáǹbù kó tó rí i tà. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti ibùgbé ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Irinṣẹ́ wọ̀nyí kì í ti ọwọ́ akọ̀wé ìjọba jáde. Ọ̀dọ̀ awọnlẹ̀, atẹ̀wé, alágbẹ̀dẹ àti, láyé òde òní, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ìjọba ti ń gbà wọ́n, nípa iṣẹ́ àgbàṣe. Ní àríwá Ítálì, láti Turin tó wà nísàlẹ̀ òkè Alps títí dé Padua tó múlé gbe Venice, ìtàn irú iṣẹ́ àgbàṣe bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ìbéèrè kan kò yé padà wá nínú rẹ̀: bí iṣẹ́ bá parí, tí a sì sanwó tán, lọ́wọ́ ta ni ìmọ̀ ẹ̀rọ náà yóò kù sí?

Milan ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1718, nígbà tí ẹkùn náà wà lábẹ́ Charles Kẹfà, ọba ńlá tó jókòó sí Vienna, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kí ó lọ wọn gbogbo ilẹ̀, oko lóko, kí owó ilẹ̀ lè bá bí ilẹ̀ ṣe lọ́ràá tó mu. Ìwé owó ilẹ̀ tí wọ́n ń lò títí di àkókò yẹn, láti ayé Charles Karùn-ún ni, ó sì ti di ohun àtijọ́. Àwọn awọnlẹ̀ ìlú ní irinṣẹ́ tí àwọn bàbá wọn ti ń lò. Ṣùgbọ́n Giovanni Giacomo Marinoni, ọmọ Udine tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọba ní Vienna, gbé òmíràn wá: pátákó pẹlẹbẹ kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n na bébà lé lórí. Awọnlẹ̀ yóò gbé e kalẹ̀ láàárín oko, yóò wo ààlà láti ojú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí rẹ̀, yóò sì fa ìlà náà sórí bébà níbẹ̀ gan-an. Kò sí pé à ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, ká tó lọ ya àwòrán nílé. Ẹni tó ni oko lè dúró tì í, kó máa wo bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ lórí bébà.

Àwọn awọnlẹ̀ ìlú kò fẹ́ gbà. Wọ́n dán ọ̀nà méjèèjì wò, pátákó Marinoni sì borí. Ohun tó mú ìṣẹ́gun náà tọ́jọ́ ni pé wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ bí a ti ń lò ó. Nígbà tí ogun dé ní 1733 tí iṣẹ́ dúró, ìmọ̀ náà kò bá a kú, nítorí pé ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà. Pompeo Neri gba àkóso ìgbìmọ̀ nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 1749, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé tuntun náà gba owó ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1760. Ọdún méjìlélógójì ló gbà kí iṣẹ́ àgbàṣe kan tó so èso. Bí ó ti pẹ́ tó yẹn, wọ́n gbé e ka ìpìlẹ̀ tí kò yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Turin kò ṣeé sọ kí a má kọ́kọ́ yà sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1823 ni ilé ìṣúra ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń náwó lé ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage fẹ́ ṣe. Joseph Clement, ọ̀gá nínú iṣẹ́ irin, ló ń ṣe àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà. Àṣà iṣẹ́ wọn nígbà náà ni pé irinṣẹ́ tí oníṣẹ́ bá ṣe fún iṣẹ́ kan, tirẹ̀ ni, ì báà jẹ́ owó oníbàárà ló fi ṣe é. Nígbà tí Clement àti Babbage jà ní 1833, Clement kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, iṣẹ́ sì dá. Ní 1842 ìjọba pa á tì pátápátá, lẹ́yìn tí nǹkan bí £17,000 ti bá a lọ. Wọ́n ti san owó irinṣẹ́ náà, síbẹ̀ irinṣẹ́ kì í ṣe tiwọn.

Kí ó tó di ìgbà náà, Babbage ti ń ronú ẹ̀rọ tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀rọ tí a lè fi páálí tí a dá lu sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ní 1840, Giovanni Plana, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Turin, pè é wá sí àpéjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú náà. Ó kó àwòrán rẹ̀ dání, ó sì tẹ́ wọn síwájú àwọn tó wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀dọ́ ọ̀gágun onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Luigi Federico Menabrea. Òun ló kọ àlàyé ẹ̀rọ náà ní èdè Faransé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Geneva ní 1842; Ada Lovelace túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1843, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ tó gùn ju ìwé náà lọ kún un. Kí òǹkàwé fi orúkọ Menabrea sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé.

Ní 1861, Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, Turin sì di olú-ìlú rẹ̀. Ìjọba tuntun náà nílò sítáǹbù tí gbogbo ilẹ̀ yóò máa lò. Láti 1851 ni Francesco Matraire ti ń tẹ sítáǹbù ìjọba Sardinia ní Turin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti yí, iye tí wọ́n sì nílò ti ju agbára rẹ̀ lọ. Wọ́n bá ẹnìkan tó ń jẹ́ Count Sparre ṣàdéhùn. Èyí kò yọrí. Ilé-iṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, sítáǹbù tí wọ́n tẹ̀, tó ní orí Ọba Vittorio Emanuele Kejì, sì jáde fún títà ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 1863. Títẹ̀ rẹ̀ mọ́ lójú; kò sí ayédèrú tó lè bá a dọ́gba.

Ìṣòro kan wà síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ owó ìjọba ń ti inú ọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú òkèèrè. Nígbà tí iye owó lẹ́tà yí padà láti sẹ́ǹtì 15 sí 20 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, sítáǹbù 15 tó kù nílẹ̀ pọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tún tẹ àmì kan lé wọn, tó tẹ̀ kọrọdọ bí bàtà irin ẹsẹ̀ ẹṣin, tí nọ́ńbà 20 sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn akósítáǹbùjọ ṣì ń pè é ní bàtà ẹṣin dòní. Ìpinnu tí mínísítà ṣe ní Turin, ọwọ́ atẹ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ní láti fi mú un ṣẹ.

Inú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni ìpinnu tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí ti jáde. Àwọn ará Turin kò tún wá atẹ̀wé mìíràn kiri. Wọ́n ra ọ̀nà iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Costantino Perazzi, onímọ̀ ẹ̀rọ láti agbègbè Novara, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá De La Rue sọ̀rọ̀, ìjọba sì dá Officina Carte Valori, ilé ìtẹ̀wé àwọn ìwé tó níye lórí, sílẹ̀ ní Turin ní 1865. Àwo irin tí De La Rue gbẹ́, irú ẹ̀rọ rẹ̀ àti irú bébà rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Turin ló ń dí i mú. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ kò dán tó ti Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè gbé sítáǹbù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sọ èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Turin, nípa bí àwọ̀ ti rí. Ìyàtọ̀ yẹn ni owó ẹ̀kọ́ tí ìlú náà san, kò sì wọ́n. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni olú-ìlú kúrò ní Turin lọ sí Florence, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìgboro Turin ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1864. Ọba lọ, àwọn mínísítà lọ, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé náà dúró. Ó tó ọgọ́ta ọdún tí sítáǹbù, ìwé òǹtẹ̀ owó orí àti àwọn ìwé ìṣúra fi ń ti Turin jáde fún gbogbo Ítálì, títí tí wọ́n fi dá Istituto Poligrafico dello Stato sílẹ̀ ní Róòmù ní 1928.

Orúkọ De La Rue kò ṣàjèjì sí Èkó. Sítáǹbù àkọ́kọ́ tí ìjọba amúnisìn tẹ̀ fún Èkó ní 1874, tí orí Ọbabìnrin Victoria wà lára rẹ̀, De La Rue ló tẹ̀ ẹ́. Ní 1963, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé-owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, De La Rue ni ó bá a dòwò pọ̀. Láàárín 1865 ti Turin àti 1963 ti Èkó, ó ku ọdún méjì kó pé ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ kejì tí iléeṣẹ́ ìṣúná Ítálì gbà kò ní oríire bẹ́ẹ̀. Ogun ìṣọ̀kan ti jẹ àpò ìjọba gbẹ. Ní oṣù Keje ọdún 1868, Menabrea, ọkùnrin tó wo àwòrán Babbage ní Turin, ló jẹ́ olórí ìjọba, Cambray-Digny sì ni mínísítà ètò ìṣúná, nígbà tí òfin owó orí ọlọ jáde. Gbogbo ẹni tó bá gbé ọkà lọ sí ọlọ yóò sanwó: líírà 2 lórí ọgọ́rùn-ún kílò àlìkámà, ó sì dín sí i fún àgbàdo àti ọkà àwọn tálákà. Báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ iye tí wọ́n lọ̀? Ẹ̀rọ ni yóò kà á. Quintino Sella wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ òkúta ni, ọmọ agbègbè Biella ní Piedmont, òun náà sì jẹ mínísítà ìṣúná, ṣáájú ìgbà yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀.

Àpótí kékeré ni ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fi èdìdì dì kí ọwọ́ má baà wọ inú rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá tó ń yí òkúta ọlọ. Bí òkúta bá yí, nọ́ńbà a sún. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò wá lásìkò, yóò ka nọ́ńbà, yóò sì sọ iye tí ọlọ́lọ jẹ lórí ọgọ́rùn-ún yíyí kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé, kò sí ohun tó mọ́ tó o. Nínú ọlọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ọlọ lọ ata rí mọ̀ pé òkúta tuntun kò lọ̀ ọ́ bí èyí tó ti jẹ. Òkúta tó mú a lọ ọkà púpọ̀ ní ìwọ̀nba yíyí; èyí tó ti kúnú a máa yí lásán. Odò tó kún a máa ta ọlọ yíyára, ẹ̀ẹ̀rùn a sọ ọ́ di aláàárẹ̀. Ẹ̀rọ náà ka yíyí òkúta. Owó orí sì wà lórí ọkà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ọlọ́lọ kékeré já sí.

Ohun tó burú jù ni pé òfin dé kí ẹ̀rọ tó dé. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1869, tí ó yẹ kí sísan owó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kò tíì sí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọlọ. Ìjọba ní kí àwọn ọlọ́lọ gbà láti san iye tí òun fojú bù. Ọ̀pọ̀ ti ọlọ wọn pa. Àwọn àgbẹ̀ gbé ọkà dé ẹnu ọ̀nà tí a tì, ní àárín ọyẹ́, láìní ìyẹ̀fun nílé. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Emilia, ní ìtòsí Bologna, ní Parma àti Reggio, ó sì tàn kálẹ̀. Wọ́n rán ọ̀gágun Raffaele Cadorna lọ pẹ̀lú ọmọ ogun. Nígbà tí ó fi rọlẹ̀, nǹkan bí 250 èèyàn ti kú, wọ́n sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́wọ̀n. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ dé ọlọ púpọ̀, owó wọlé, wọ́n sì dán ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa wọn ọkà fúnra rẹ̀ wò. Owó ọlọ wà lára ohun tó mú kí ìwé ìnáwó Ítálì dọ́gba ní 1876. Ṣùgbọ́n ara ìlú kò gbàgbé, ìjọba sì fagi lé owó náà pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1884.

A kò lè ní ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àwọn tó kọ àdéhùn rẹ̀ ni kò béèrè bóyá ohun tí ẹ̀rọ lè kà ni ohun tí òfin fẹ́ mọ̀.

Àádọ́rin ọdún tó tẹ̀ lé e kò fún ìtàn yìí ní nǹkan púpọ̀. Ní 1908, Camillo Olivetti dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Ivrea, ní àríwá Turin. Adriano ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ sínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mario Tchou, tí wọ́n bí sí Róòmù, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ aṣojú ilẹ̀ Ṣáínà, ló darí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe Elea 9003, wọ́n sì fi hàn níbi ìpàtẹ ọjà Milan ní 1959. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣọ Marzotto ní Valdagno, ní ẹkùn Veneto. Adriano kú sínú ọkọ̀ ojú irin ní oṣù Kejì ọdún 1960. Jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí Tchou ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ni oníbàárà ńlá tó gbé àwọn onílé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ró. Ní Ítálì, ìjọba kò na ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí Olivetti. Vittorio Valletta, ọ̀gá Fiat ní Turin, wà lára àwọn tó gbà pé kò sí ilé-iṣẹ́ Ítálì tó lè gbé ẹrù iṣẹ́ ẹ̀lẹ́kítíróníìkì, wọ́n sì ta ẹ̀ka náà fún General Electric ní 1964. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀ǹpútà tí yóò gbé gbogbo owó orí orílẹ̀-èdè.

Àtúnṣe owó orí ló fà á. Òfin 1971 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní 1973 sọ pé kí a ní ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ gbogbo asanwó-orí yóò wà nínú rẹ̀, kí olúkúlùkù sì ní àmì tirẹ̀, codice fiscale. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Turin tàbí Padua mọ̀ pé láìní àmì yìí, kò sí ilé tí a lè háyà, kò sí iṣẹ́ tí a lè gbà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 ni. Bí a bá ní kí a ṣe é fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ Adébáyọ̀, tí a bí ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1990, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta orúkọ bàbá ni yóò ṣáájú, DBY. Ti orúkọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, FLK. 90 dúró fún ọdún, C fún oṣù Kẹta. Wọ́n máa ń fi 40 kún ọjọ́ ìbí obìnrin, nítorí náà 9 di 49. Z335 ni Nàìjíríà. Lẹ́tà ìkẹyìn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ láti inú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú, láti fi mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣàṣìṣe. Gbogbo ohun tí pátákó Marinoni ṣe fún oko ni àmì yìí ṣe fún èèyàn: ó fi í sí ojú kan tí akọ̀wé lè rí i.

Ta ni yóò gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání? Ìjọba kò fẹ́ fi í sọ́wọ́ oníṣòwò. Ní 1969, IRI, àjọ tó ń di ilé-iṣẹ́ ìjọba mú, ti dá Italsiel sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1976 wọ́n dá Sogei sílẹ̀ ní Róòmù, iṣẹ́ ìwé owó orí náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní àríwá, àwọn ìlú kò dúró de Róòmù. Ní Padua, Mario Volpato, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì tó tún jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìṣòwò ìlú náà, dá Cerved sílẹ̀ ní 1974 láti kó orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ Veneto sínú kọ̀ǹpútà. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kan yóò rìnrìn àjò dé ọ́fíìsì tí ìwé náà wà. Láti inú iṣẹ́ yìí ni InfoCamere ti jáde, tí ó ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ Ítálì láti Padua. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2010, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ń fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí àti àwọn àjọ ìfẹ̀yìntì. Ní Turin, ẹkùn Piedmont, Yunifásítì Turin àti Politecnico para pọ̀ dá CSI Piemonte sílẹ̀ ní 1977. Àwọn tó ní ìmọ̀ àti àwọn tó ní owó jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà, bí wọ́n ti ṣe nígbà ilé ìtẹ̀wé sítáǹbù.

Ojú mìíràn wà fún un. Bí ìjọba bá ń fún ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́, kí ni àwọn aládàáni yóò ṣe? Òfin Ítálì sọ pé kìkì ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló lè gba àwọn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, tó fi mọ́ ti owó orí. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejìlá, ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg dá Ítálì lẹ́bi. Ítálì ní àṣírí ará ìlú ni òun ń dáàbò bò. Ilé-ẹjọ́ ní òfin lè fi ìjìyà de ẹnikẹ́ni tó bá tú àṣírí, láìtilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Ní 1994, ilé-ẹjọ́ kan náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lotó, tí iléeṣẹ́ ìṣúná fẹ́ gbé jáde.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìdọ̀tí tó wà nídìí iṣẹ́ àgbàṣe tú jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 1992, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Milan bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ọwọ́ Mímọ́. Ní 1993, ọ̀gá àgbà Olivetti sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ náà ti san owó fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kí ó tó lè máa ta ẹ̀rọ fún iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí gbé orúkọ Ítálì ga nídìí kọ̀ǹpútà, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó fi wọlé sọ́dọ̀ ìjọba tirẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi ni. Ní oṣù Kejì ọdún 1993, òfin dá AIPA sílẹ̀, àjọ tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àgbàṣe kọ̀ǹpútà ìjọba wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ẹjọ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ bóyá ìjọba lè fún ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́ wá láti ìlú kékeré kan, Viano, ní Reggio Emilia, kò sì kan kọ̀ǹpútà rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ náà gbé iṣẹ́ mímú ilé móoru fún AGAC, àjọ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè náà para pọ̀ ní, láìpe ìdíje. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, Teckal, pe ẹjọ́. Ìdájọ́ Luxembourg ti ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1999 sọ pé ìjọba lè gbé iṣẹ́ fún ẹni láìpe ìdíje bí ó bá ń darí ẹni náà bí ó ti ń darí ọ́fíìsì tirẹ̀, tí ẹni náà sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Orí ìdájọ́ yìí ni Sogei àti CSI Piemonte dúró lé lónìí. Sogei ti bọ́ sọ́wọ́ Telecom Italia tẹ́lẹ̀; ní 2002, iléeṣẹ́ ìṣúná rà á padà. Ìjọba kò fẹ́ wọ ṣòkòtò àgbàbọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Turin tàbí Padua tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àwọn agbowó-orí kì í sábà bá mínísítà fúnra rẹ̀ ṣàdéhùn. Sogei, CSI tàbí InfoCamere ni yóò tọ̀ lọ, tàbí Consip, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tó ń ra nǹkan fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti 2000. Ilé-iṣẹ́ kékeré kì í dá iṣẹ́ ńlá du. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin a para pọ̀ bí àwọn tó bẹ ara wọn ní ọ̀wẹ̀, wọ́n a yan ọ̀kan ṣe olórí, wọ́n a sì kọ ipa ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fìwé sílẹ̀. Ẹ̀rí owó tó jẹ́ ìdá 2 nínú 100 iye iṣẹ́ yóò bá ìwé náà lọ. Apá mẹ́ta ni ìwé ọ̀hún: ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ mọ́ níwájú òfin, àlàyé bí wọn yóò ti ṣe iṣẹ́, àti iye owó. Ìgbìmọ̀ kì í wo iye owó kó tó fún àlàyé iṣẹ́ ní máàkì. Láti 2017 títí di 2023, òfin sọ pé níbi tí a bá ti ń wo dídára iṣẹ́ mọ́ owó, owó kò gbọ́dọ̀ gbà ju 30 lọ nínú 100 máàkì. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé-ẹjọ́ lọ.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni, owó ló kù. Títí di 2014, agbaṣẹ́ṣe a máa gbé bébà lọ, a sì máa dúró. Láti ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gba ìwé ìbéèrè owó lórí bébà mọ́. Gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba yòókù tẹ̀ lé wọn ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2015, àti ọ̀pọ̀ jù lọ oníṣòwò láàárín ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, Sistema di Interscambio, tí Sogei ń bójú tó fún àwọn agbowó-orí. Bí ẹ̀ka kan bá sọnù nínú ìwé náà, ẹ̀rọ a dá a padà láìsí arọwà. Ilé-iṣẹ́ tó bá Sogei du iṣẹ́ ní Turin, yálà ó rí i gbà tàbí kò rí i gbà, inú ẹ̀rọ tí Sogei ń tọ́jú ni ìwé ìbéèrè owó rẹ̀ ń gbà kọjá kí ìjọba tó san án.